Ìgbà Tó Bá Gbóná Ni Kó O Bi Í

Àwọn ará Àrápa ní òwe kan tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Bí tọkọtaya bá ń jà, tí ẹnì kan sì ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà tì di ọ̀la, àgbàlagbà kan á wúkọ́, á ní: "Ìgbà tó bá gbóná ni kó o bi í; tó bá tutù, irọ́ ni yóò pa fún ọ." Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé pẹ̀lú omijé lójú, ìyá rẹ̀ kò ní sọ pé kó lọ jẹun ná. Á jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, á ní ìgbà tó bá gbóná ni òun óò bi í.

Òwe yìí rú ni lójú, nítorí ìtutù ni Yorùbá fẹ́ràn. Àwa náà la ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwa la ní díẹ̀díẹ̀ là ń jẹ ẹ̀kọ tó gbóná. Kí ilé ó tutù, kí ọ̀nà ó tutù, kí ọkàn ó tutù, àdúrà wa ni. Kí ló wá dé tí ará Àrápa fi ní inú ooru ni òótọ́ wà, tó tún wá fi irọ́ kan ìtutù? Wọn kì í ṣe oníjà. Ọkọ̀ kan ló kọ́ wọn, ẹ̀kọ́ náà kò sì rọrùn.

Ìlú méjì ló ń jẹ́ Àrápa. Ìsàlẹ̀-Àrápa wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀dà. Òkè-Àrápa wà lórí àpáta. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ kò ju máìlì mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó ga, ó lọ́, ó tún ga, débi pé Ìgòkè Aláàárẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìgbẹ̀bí wà. Òkè ni aboyún pọ̀ sí. Obìnrin tó ni ilé ìgbẹ̀bí náà ń jẹ́ Adéyọ̀ríjú, ṣùgbọ́n Màmá Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ní ọkọ̀ funfun gbọọrọ kan tí wọ́n ti tú ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí aboyún lè nà gbalaja síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ránṣẹ́ láti òkè, awakọ̀ rẹ̀ á gun ìgòkè náà lọ, á gbé aláboyún, á sì rọra gbé e sọ̀kalẹ̀ wá.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí kú, ọ̀dọ̀ Jóṣẹ́ẹ̀fù Ògúnlúsì ni Màmá Nọ́ọ̀sì gbé e lọ. Ọ̀gá Lúsì ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, kò sì sí èkejì rẹ̀ láti Àrápa dé ìlú mẹ́ta tó yí i ká. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, yóò ti sọ ohun tó ń ṣe é kí ẹni tó wà á tó sọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dára, òun náà sì mọ̀ pé ó dára. Ọ̀rọ̀ kan wà tó fẹ́ràn láti máa sọ nígbà tó bá ń nu ọwọ́ rẹ̀ tán: "Ènìyàn lè parọ́ fún mi. Ẹ́ńjìnnì ò dán an wò."

Ẹ́ńjìnnì tó kú yẹn jẹ́ ti ayé àtijọ́. Ọ̀gá Lúsì ní kò yẹ kí wọ́n fi irú rẹ̀ rọ́pò. Ó wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan tó lágbára jù ú lọ, irú èyí tó máa ń fi ẹnu tín-ín-rín tu epo bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Ọkọ̀ náà kò bá ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wá sáyé, nítorí náà Ọ̀gá Lúsì gé ibì kan, ó jó ibì kan, ó gbé pọ́ǹpù epo tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ọ̀nà tí páìpù epo ń gbà tẹ́lẹ̀ kò bá a mu mọ́, ó sì wá ọ̀nà mìíràn fún un. Páìpù méjì ló yẹ kí irú ẹ́ńjìnnì yẹn ní: ọ̀kan á gbé epo wá, èkejì á dá èyí tó ṣẹ́kù padà sí táǹkì. Ọ̀gá Lúsì rò ó, ó ní ọ̀kan tó. Ó dí ẹnu èkejì. Lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ náà sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè ní orúkọ. Gbogbo àwọn tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Ó wà á yípo ọjà lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Màmá Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

Bámitálẹ́ ni awakọ̀ ọkọ̀ náà, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kì í pọ̀ lọ́rọ̀. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ó wá bá Ọ̀gá Lúsì lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá, bí mo bá gùn ún dé òkè, tí mo pa á díẹ̀, kì í fẹ́ jí padà."

"Jí i lójú mi."

Ọkọ̀ á jí lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá Lúsì á rẹ́rìn-ín, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn ń bẹ́ àpáta lórí, iṣẹ́ dé láti òkè pé ìrọbí ti mú Ìbídùn, ìyàwó Ojúadé, oyún àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Ọ̀sán gangan ni. Bámitálẹ́ gun Ìgòkè Aláàárẹ̀ láìsinmi, ó dúró níwájú ilé Ojúadé, ó sì pa ọkọ̀. Bí ìdámẹ́rin wákàtí ni wọ́n fi tẹ́ ẹní, tí wọ́n fi gbé obìnrin náà jáde, tí wọ́n fi tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀. Bámitálẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò mú. Ó tún yí i. Ó ń yí ṣáá, kò mú. Wọ́n tì í, kò jẹ́. Wọn kò sì lè jẹ́ kó máa yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀ láìjí, nítorí bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò bá ṣiṣẹ́, bíréèkì rẹ̀ á le bí òkúta, kòtò sì wà lápá òsì ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi bá a jà kí àwọn ọkùnrin tó yọ ìlẹ̀kùn ilé kan, wọ́n gbé Ìbídùn lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀. Ní ìdajì ọ̀nà ni lọ́rì onígẹdú kan pàdé wọn, ó yí padà, ó sì gbé wọn dé ìsàlẹ̀. Ìyá yè. Ọmọ náà, ọkùnrin ni, kò ké.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi lọ́rì gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lúsì. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn tẹ̀lé e láti òkè. Màmá Nọ́ọ̀sì dúró, ojú rẹ̀ wú. Ọ̀gá Lúsì wọlé sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohùn ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ó sì ń lọ geere bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ gbọ́ fúnra yín," ni Ọ̀gá Lúsì wí. "Ọkọ̀ yìí kò ní àìsàn. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ tẹ epo mọ́ ọn lọ́fun."

Bámitálẹ́ bọ́ síwájú. "Ọ̀gá, mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó bá gbóná ló máa ń ṣe é."

"Bámitálẹ́, èmi ni mo kọ́ ẹ́ńjìnnì yìí sára ọkọ̀. Ṣé ìwọ lo mọ̀ ọ́n ni, àbí èmi?"

Gbogbo wọn kọjú sí Bámitálẹ́. Ó wo Màmá Nọ́ọ̀sì. Màmá Nọ́ọ̀sì gbójú kúrò. Kí ọjọ́ náà tó parí, ó ti ní kí Bámitálẹ́ máa lọ, kí ọ̀sẹ̀ náà sì tó parí, àwọn ìyá kan ti ń fa ọmọ wọn mọ́ra bó bá ń kọjá. Wọn kò bú u. Wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gba ẹ̀mí ọmọ Ìbídùn. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí oko bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá Lúsì kò ro ọ̀rọ̀ náà mọ́. Lójú tirẹ̀, òótọ́ ló sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ojú sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rí Màmá Nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, eruku dé orúnkún rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà láti ìgbà tó ti lé awakọ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Lúsì."

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Kí ló dé tí ẹ fẹsẹ̀ rìn?"

"Mo gun òkè lọ gbé aboyún kan. Mo pa ọkọ̀. Kò jí mọ́. Inú ọkọ̀ níwájú ilé wọn ni mo ti gbẹ̀bí rẹ̀; Ọlọ́run ṣe é, tìyá tọmọ wà láàyè." Ó dúró kó mí. "Ọ̀gá Lúsì, Bámitálẹ́ kò sí nínú ọkọ̀ náà lónìí."

Ọ̀gá Lúsì nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó bá a gun òkè lórí ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, òjìji igi ti bo ọkọ̀ náà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó pààrọ̀ gbogbo púlọ́ọ̀gì. Ó jí. Màmá Nọ́ọ̀sì gùn ún dé òkè, ó kọ̀. Ọ̀gá Lúsì tú ẹnu tó ń tu epo, ó fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ó jí. Wọ́n gùn ún dé òkè, ó kọ̀. Ó pààrọ̀ bátìrì, bó tilẹ̀ mọ̀ pé bátìrì kọ́. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló máa ń ṣe gbogbo rẹ̀, nígbà tí irin tutù tí ọwọ́ lè dé ibi gbogbo, ẹ́ńjìnnì náà á sì máa dáhùn sí gbogbo ìbéèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé bí ẹni tó ń bá ọlọ́gbọ́n olè sọ̀rọ̀ ni òun ṣe rí.

Ní ọjọ́ kan tó jókòó sórí táyà, tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ tí kò fẹnu kàn án, ó rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ló ti bá àìsàn yìí gbé pẹ́. Ó bo oúnjẹ náà, ó gun ọ̀kadà, ó gba ọ̀nà oko lọ.

Ó bá Bámitálẹ́ tó ń kọ ebè iṣu. Ọkùnrin náà rí i, kò dúró. Ó kọ ebè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí kó tó na ẹ̀yìn.

"Ẹ káàsán, ọ̀gá."

"Bámitálẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ni mo bá wá."

"Ọkọ̀ wo? Mi ò ní ọkọ̀."

Ọ̀gá Lúsì gbé e mì. "Ó ń ṣe Màmá Nọ́ọ̀sì náà. Mo ti tú gbogbo ara rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Sọ fún mi bó ṣe máa ń rí."

Bámitálẹ́ fi ọkọ́ gúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lé èkù rẹ̀. "Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, òní lẹ kọ́kọ́ bi mí." Kò pariwo. "Bí mo bá wà á ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan. Bí mo bá gun òkè tí mi ò pa á, kò sí nǹkan. Bí mo bá pa á tí mo sì jí i lójú ẹsẹ̀, á jí. Àmọ́ tí mo bá pa á, tó jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ìdajì wákàtí, á kọ̀. Tó bá jókòó ju wákàtí kan lọ, á jí bí ẹni pé kò ṣe é rí. Ìgbà tó bá ń kọ̀ yẹn, pọ́ǹpù rẹ̀ máa ń ké bí ẹ̀fọn. Tí ara rẹ̀ bá yá, ohùn rẹ̀ á wúwo."

"Kí ló dé tí o kò sọ gbogbo èyí?"

"Ẹ ò bi mí. Ọkọ̀ tó ti sùn mọ́jú lẹ bi." Ó wo Ọ̀gá Lúsì lójú. "Ìgbà tó bá gbóná ni kẹ́ ẹ bi í. Tó bá tutù, irọ́ ni yóò pa fún yín."

Ọ̀gá Lúsì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wà á dé òkè."

Bámitálẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀gá Lúsì fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i lọ́mọ, kò sì tíì sọ "ẹ" fún un rí. Bámitálẹ́ wo ebè tó kù. "Mo búra pé mi ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn mọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n oyún ṣì ń bẹ lókè. Ẹ jẹ́ á lọ lọ́sàn-án ọ̀la, nígbà tí oòrùn bá mú jù."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Bámitálẹ́ gùn ún gẹ́gẹ́ bó ṣe gùn ún lọ́jọ́sí, kò sinmi, ó sì pa á sí ojú ibi kan náà, níwájú ilé Ojúadé. Àwọn ènìyàn rí wọn, wọ́n ń jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojúadé náà jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Lúsì ń wo aago. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ó ní, "Jí i."

Ẹ́ńjìnnì yí. Kò mú. Obìnrin kan nínú èrò pa òṣé.

Lọ́jọ́ mìíràn, Ọ̀gá Lúsì ìbá ní kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ yìí, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru sì bu ú lójú. Ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, ó ní kí Bámitálẹ́ yí i: iná ń ṣẹ́, ó mọ́lẹ̀. Ó dá a padà. Iná kọ́ ló ń ṣe é. Ó ní kó ṣí kọ́kọ́rọ́ láìyí ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké tín-ín-rín bí ẹ̀fọn, gẹ́gẹ́ bí Bámitálẹ́ ti wí. Ó so géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára epo mọ́ ojú ọ̀nà epo. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nísàlẹ̀, kò gòkè. Epo kò dé. Bẹ́ẹ̀ ni táǹkì kún.

Ó ní kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀, kí èrò sún sẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Ó fi àkísà tútù bo ojú ìsopọ̀ kan, ó rọra tú u díẹ̀. Ohun tó jáde kì í ṣe epo. Ìfófòó ni, ó ń ru bí ẹmu àárọ̀. Epo ti hó nínú páìpù, ó ti di afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń tì káàkiri, ìdí nìyẹn tí kò fi rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi ń ké. Ó dè é padà. Ó fi ọwọ́ tẹ̀lé páìpù náà láti ẹnu ẹ́ńjìnnì lọ sísàlẹ̀ láti mọ ibi tó ti ń rí ooru. Lójijì ló fa ọwọ́ yọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó.

Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó wò ó. Páìpù epo náà fara ti sáílẹ́ńsà, páìpù tí èéfín gbóná ń gbà jáde, láti ìdí ẹ́ńjìnnì dé ìdajì ara ọkọ̀, bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, epo tútù ń kọjá nínú rẹ̀, kì í dúró gbóná. Bí wọ́n bá pa á lẹ́yìn tó gun òkè tán, epo á dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó pọ́n, kò sì sí páìpù kejì tí epo tó ń hó náà lè gbà padà sí táǹkì. Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún Ọ̀gá Lúsì ta ló gbé páìpù náà gba ibẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ní láti sọ fún un ta ló dí ẹnu èkejì.

Ó pẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń rí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Ó ń rí ẹsẹ̀ Ojúadé tó ti sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì," ni Ojúadé wí, "kí lẹ rí?"

Ọ̀gá Lúsì jáde, ó dìde. Ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu ni pé, ẹ jẹ́ kí n délé ná, kí n rò ó, màá ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá délé, tí òun wẹ̀, tí òun jẹun, tí òun dé ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà á ti tutù lẹ́nu òun. Á di pé páìpù ló gbó. Á di pé epo ayé òde òní kò dára. Á di pé ìgòkè ló ga jù. Ó wo Bámitálẹ́. Bámitálẹ́ ń wo ilẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan.

"Ọwọ́ mi ni," ni Ọ̀gá Lúsì wí. Ó tún un wí sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Èmi ni mo gbé ọ̀nà epo gba ẹ̀gbẹ́ iná. Èmi ni mo dí ọ̀nà tó yẹ kó máa gbà padà. Bámitálẹ́ sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́, mo sì purọ́ mọ́ ọn lójú gbogbo yín. Kò ṣe ohunkóhun. Èmi ni."

Ojúadé yí padà, ó wọlé. Ó pẹ́ díẹ̀, Ìbídùn fúnra rẹ̀ jáde wá. Ó ti rù. Àwọn obìnrin yà fún un.

"Ọjọ́ tí ẹ ṣe é tán," ni ó bi í, "ibo lẹ wà á dé?"

"Mo yípo ọjà lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ ò gùn ún débí?"

"Mi ò gùn ún débí."

Ó mi orí. Ó ń wo ọkọ̀ náà. "Ká ní ó jí lọ́jọ́ yẹn, ṣé ọmọ mi ìbá yè?"

Ọ̀gá Lúsì, tó mọ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. "Mi ò mọ̀, ìyá mi," ni ó wí. "Mi ò mọ̀."

Nígbà tí wọ́n bi Màmá Nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè kan náà lẹ́yìn ìgbà náà, kò tú ẹnikẹ́ni nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dà púpọ̀ kí ọkọ̀ tó débẹ̀. Ó tún ní ogójì ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú ni.

Ìbídùn kò ní kó dìde. Ó kàn ní, "Ẹ tún un ṣe. Àwa obìnrin ṣì wà lókè níbí." Ó sì wọlé.

Ọ̀gá Lúsì da omi sórí àkísà, ó fi wé páìpù náà títí abẹ́rẹ́ géèjì fi gòkè. Ọkọ̀ jí. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó yọ páìpù náà, ó gbé e gba òdìkejì ọkọ̀ níbi tí kò sí iná. Ó ṣí ọ̀nà kejì tó ti dí. Ó fi páànù dínà ooru sáílẹ́ńsà. Nígbà tó parí, ọkọ̀ náà jí níwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan sì fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó ní kó má pàtẹ́wọ́. Ó gùn ún lọ sí òkè lọ́sàn-án gangan, ó pa á níwájú ilé Ojúadé, ó jókòó sórí òkúta, ó ka ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó jí. Ó padà lọ́jọ́ kejì. Ó jí. Ó padà lọ́jọ́ kẹta, ó fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí nínú oòrùn. Ìbídùn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń wò ó. Ọkọ̀ jí. Obìnrin náà tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì lọ bá Bámitálẹ́ lóko. Ó kúnlẹ̀ láàárín ebè, àgbàlagbà obìnrin. Ó ní, "Ẹni tó pariwo jù ni mo gbọ́ tirẹ̀." Bámitálẹ́ fà á dìde kíákíá, kò sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun máa kọ ebè òun tán ná. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ ọ́ tán. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n rí i nídìí ọkọ̀ funfun náà, tó ń gun Ìgòkè Aláàárẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Lúsì kò sọ ọ̀rọ̀ ìgbéraga rẹ̀ àtijọ́ yẹn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ wá, yóò kọ́kọ́ jókòó ti awakọ̀, á ní: "Ìgbà wo ló máa ń ṣe é? Kí lo ń gbọ́? Mú mi lọ síbẹ̀." Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀, á dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Bámitálẹ́. Àwọn mẹkáníìkì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ìyàwó gbà á lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Ó wọ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, ó wọ yàrá tọkọtaya.

Ará Àrápa kò ní kí ènìyàn fi ìbínú sọ̀rọ̀ o. Wọ́n mọyì ìtutù bí gbogbo Yorùbá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àbùkù kan wà tí ooru nìkan ń jí, tó jẹ́ pé bí o bá dúró dè é kó sùn, á dìde kí ọ pẹ̀lú ẹ̀rín lówùúrọ̀, wàá sì lọ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹlòmíràn. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná fún òótọ́, bó bá sì pẹ́ kó tó sọ ọ́, á ti rí ọ̀nà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wí pé: ìgbà tó bá gbóná ni kó o bi í, tó bá tutù, irọ́ ni yóò pa fún ọ.